Ta Ló Ni Dulux? Bí Orúkọ Ara Agolo Pẹ́ńtì Ṣe Ń Ti Ọwọ́ Bọ́ Sí Ọwọ́

Ní Ìkẹjà, Adéníyì Jones ni ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Dulux wà, Ọba Akran ni ti Berger wà, wọn ò sì jìnnà síra wọn. Àwọn pẹ́ńtà wa kì í dákẹ́ àríyànjiyàn lórí méjèèjì: èwo ló ń bo ògiri dáadáa, èwo ni oòrùn kì í tètè pa láwọ̀. Àmọ́ bi wọ́n léèrè pé ta ló ni Dulux, wọn á ní òyìnbó ni. Òyìnbó wo? Èyí tí wọ́n ń tà ní Lọ́ńdọ̀nù, AkzoNobel ti ilẹ̀ Họ́láńdì ló ni ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é. Ti Ọsirélíà wà lọ́wọ́ àwọn ará Jàpáànù. Ti Kánádà ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn olówó kan ní Amẹ́ríkà. Ti Íńdíà, ní 2025 ni AkzoNobel gbà láti ta ilé-iṣẹ́ náà fún JSW Paints, ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀. Tiwa ńkọ́? UAC ló ni ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é. Orúkọ àti ọ̀nà tí wọ́n fi ń pò ó ni wọ́n ń fi ìwé àṣẹ gbà lò. Ọjà tó ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo wá ní baba márùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú Berger, torí òun ló dàgbà jù. Ní 1760, ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Louis Steigenberger kúrò ní Frankfurt, ó gba Lọ́ńdọ̀nù lọ. Iṣẹ́ tó mọ̀ ni ṣíṣe àwọ̀ búlúù tí wọ́n ń pè ní Prussian blue, èyí tí wọ́n ṣèèṣì rí ní Berlin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yẹn. Àwọn ìyá aláró wa, ewé ẹ̀lú ni wọ́n ń lò. Ẹ̀jẹ̀ màlúù ni ti àwọn òyìnbó yẹn. Wọ́n á sá ẹ̀jẹ̀ náà gbẹ, wọ́n á yan án pọ̀ mọ́ iyọ̀ tí wọ́n fà jáde láti inú eérú, nínú iná tó le gan-an. Ohun tó bá kù sínú ìkòkò, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá da iyọ̀ irin sínú omi tí wọ́n sẹ́. Ohun tó máa kọ́kọ́ rọ̀ sílẹ̀ kò wuyì, ó máa ń ṣe bíi àwọ̀ ewé. Ìgbà tí wọ́n bá tó fi ásíìdì fọ̀ ọ́ ni búlúù tó jinlẹ̀ yẹn á yọ. Ìwọ fojú inú wo bí òórùn àdúgbò yẹn á ṣe rí. Ọkùnrin náà gé orúkọ rẹ̀ kúrú di Lewis Berger, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì fìdí kalẹ̀ sí Homerton, lápá ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. (Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ Berger ti Ojódù o. Julius Berger nìyẹn, àwọn tó ń ṣe títì. Kò sóhun tó pa wọ́n pọ̀.)

Ó ju ìgbà kan lọ tí wọ́n ti ta orúkọ Berger lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní 1960, ilé-iṣẹ́ náà dà pọ̀ mọ́ Jenson & Nicholson. Nígbà tó yá, Hoechst, ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà Jámánì kan, rà wọ́n. Ibo ni Hoechst wà? Frankfurt ni. Orúkọ tó ti Frankfurt jáde tún padà sábẹ́ àwọn ará Frankfurt lẹ́yìn igba ọdún. Kò sì pẹ́ níbẹ̀ náà: ní 1990, Nobel Industries ti ilẹ̀ Swídìn ra Crown Berger, ẹ̀ka Berger ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Íńdíà, ẹbí Dhingra ra Berger tiwọn ní 1991, wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù níbẹ̀. Tiwa bẹ̀rẹ̀ ní 1959. British Paints (West Africa) ni wọ́n kọ́kọ́ pè é kó tó di Berger.

Inú ẹ̀tù ìbọn ni Dulux ti jáde, kì í ṣe inú ọ̀dà rárá. Láti 1802 ni ilé-iṣẹ́ DuPont ti ń ṣe ẹ̀tù ìbọn ní Delaware, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní parí ní 1918, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí wọ́n kọ́ nítorí ogun kàn wà níbẹ̀ ni, kò sí ẹni tó ń ra ẹ̀tù mọ́. Òwú ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀tù òde òní. Bí wọ́n bá rẹ òwú sínú ásíìdì nitric àti sulphuric, ojú rẹ̀ kì í yàtọ̀ sí òwú lásán, àmọ́ bí iná bá kàn án, lẹ́ẹ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ á jó lọ. Irú òwú yìí náà ṣeé yọ́ sínú omi tó máa ń tètè fẹ́ lọ bíi spirit. Á wá di oje. Bí o bá fín oje náà sára irin, omi inú rẹ̀ á fẹ́ lọ, oje á gbẹ mọ́ irin, á máa dán. Ìṣòro tó wà ńbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé oje náà máa ń ki jù, kò lè gba àwọ̀ tó pọ̀. Àwọn onímọ̀ DuPont rí ọ̀nà tí kò fi ní ki mọ́, wọ́n sì sọ ọjà náà ní Duco. Ní 1923, ọkọ̀ Oakland, ọ̀kan lára ọkọ̀ General Motors, jáde pẹ̀lú àwọ̀ búlúù Duco. Kùn ọkọ̀ kan tó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí pé wọ́n gbọ́dọ̀ dúró kí ìpele kọ̀ọ̀kan gbẹ, wá di iṣẹ́ wákàtí.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ín ti wọlé. DuPont ní nǹkan bí ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún ìpín General Motors. Ẹni tó ń ta pẹ́ńtì ló ni ṣíà lára ẹni tó ń rà á. Ọwọ́ ta ni wọ́n fẹ́ kí General Motors ti rà á? Ìjọba Amẹ́ríkà pe ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ sì dá a ní 1957 pé ìpín yẹn ta ko òfin ìdíje, DuPont sì ní láti yọwọ́. Lójú tèmi, nínú gbogbo ẹjọ́ òwò pẹ́ńtì, kò sí èyí tó ta á yọ.

Lódìkejì òkun, ilé-iṣẹ́ mẹ́rin dà pọ̀ ní 1926 di Imperial Chemical Industries, ICI. Ọ̀kan nínú wọn ni Nobel Industries ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí Alfred Nobel dá sílẹ̀ fún dynamite. Ọ̀rẹ́ àtijọ́ làwọn àti DuPont, ẹ̀tù ló so wọ́n pọ̀. Ní 1929, ICI àti DuPont fọwọ́ síwèé pé àwọn á jọ máa fi ìmọ̀ àwọn han ara wọn, àwọn á sì pín ọjà: Àríwá Amẹ́ríkà fún DuPont, ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì fún ICI. Ní Kánádà àti Gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n jọ ní ilé-iṣẹ́. Àpérò Berlin nìkan kọ́ ni wọ́n ti pín wa láì bi wá. Nínú àjọṣe yìí ni Dulux ti jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, àwọn kan sì ní "Du" iwájú rẹ̀ ń tọ́ka sí DuPont. Ní ibẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà tú àdéhùn náà ká. Ohun tí wọ́n fi orúkọ kan náà pín láàárín ara wọn kò ṣeé kó jọ mọ́. Ìdí nìyẹn tí Dulux ìlú kan fi lè tọ ọ̀nà tirẹ̀ lọ láì bi ti ìlú kejì.

Sí Nàìjíríà, ICI ló gbé Dulux wá. Ní 1957 ni wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ níbí. Lẹ́yìn náà ni àwọn ológun gbé òfin dé ní 1972, tí wọ́n sì mú un le sí i ní 1977, pé ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ àjèjì. ICI ta ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ilé-iṣẹ́ náà yí orúkọ padà sí Chemical and Allied Products, tí gbogbo ayé ń pè ní CAP. Ní àwọn ọdún 1990, ìpín tó kù lọ́wọ́ ICI bọ́ sọ́wọ́ UAC. UAC fúnra rẹ̀, ọmọ Unilever ni tẹ́lẹ̀. Inú ìdàpọ̀ 1929 ló ti jáde, ó sì ń tọ ìran rẹ̀ dé Royal Niger Company. Unilever fi í sílẹ̀ ní 1994.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ti bú òfin yẹn, wọ́n ní àwọn tó súnmọ́ ìjọba àti àwọn tí báǹkì ń yá lówó ló ra gbogbo ṣíà tán. Òótọ́ ni. Kì í ṣe pẹ́ńtà tó gun àkàbà ló rí i rà. Síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ dúró, òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, èrè sì ń pín nílé. Ohun tí òfin ò lè gbà lọ́wọ́ òyìnbó ni orúkọ àti ọ̀nà tí wọ́n fi ń pò ó. ICI lọ, Dulux ò lọ, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ máa bá ẹni tó ni ín lẹ́yìn odi pàdé lórí ìwé àṣẹ.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ra ara wọn báyìí? Gbé rọ́bà emulsion kan, wàá mọ̀ ọ́n. Ó wúwo, omi ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò sí oníṣòwò tó fẹ́ máa san owó ọkọ̀ ojú omi lórí omi. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ìlú kan, ó tọ́ kó ra ilé-iṣẹ́ tó ti wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ tí àwọn pẹ́ńtà ti mọ̀, ju kó máa kó agolo wọlé lọ. Èkejì ni titanium dioxide, ẹ̀fun tó ń mú kí pẹ́ńtì bo ògiri. Ó wọ́n, àwọn tó ń ṣe é láyé ò pọ̀, ẹni tó bá sì ń rà á lọ́pọ̀ ni wọ́n ń dín owó fún.

Swídìn ni ìdàpọ̀ tó tóbi jù ti bẹ̀rẹ̀. Nobel Industries tó ra Crown Berger dà pọ̀ mọ́ Akzo ti Họ́láńdì ní 1994, wọ́n di Akzo Nobel. Ní oṣù kìíní 2008, AkzoNobel ra ICI fún nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́jọ pọ́n-ùn. Ẹ wò ó: ẹ̀ka kan nínú ohun tí Alfred Nobel dá sílẹ̀ wà nínú ICI, ẹ̀ka kejì wà nínú Akzo Nobel, inú pẹ́ńtì ni wọ́n ti tún pàdé. Ṣùgbọ́n Dulux àti Crown ò gbọdọ̀ jọ wà lọ́wọ́ ẹnì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ni ìgbìmọ̀ Yúróòpù sọ. AkzoNobel ta Crown; nígbà tó yá, Hempel, oníṣẹ́ pẹ́ńtì ti Denmark, rà á ní 2011.

Lẹ́yìn ìyẹn, a ò mọ ọwọ́ tí nǹkan á bọ́ sí mọ́. Ní Ọsirélíà, ICI ti yọwọ́ tipẹ́, ilé-iṣẹ́ náà ti di Orica. Orica yọ DuluxGroup sọ́tọ̀ ní 2010, Nippon Paint sì fi bílíọ̀nù 3.8 dọ́là Ọsirélíà rà á ní 2019. Ní Àríwá Amẹ́ríkà, AkzoNobel ta ẹ̀ka ilé kíkùn fún PPG, oníṣẹ́ pẹ́ńtì ọmọ Amẹ́ríkà, fún bílíọ̀nù kan dọ́là ó lé díẹ̀ ní 2013, Dulux Kánádà sì bá a lọ. PPG yìí náà padà wá ní 2017, ó ní òun fẹ́ ra AkzoNobel lódindi. Ìgbà mẹ́ta ló dábàá, wọ́n kọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọdún yẹn kan náà ni Sherwin-Williams, oníṣẹ́ pẹ́ńtì Amẹ́ríkà mìíràn, gba Valspar tó jẹ́ elégbẹ́ rẹ̀ fún nǹkan bíi bílíọ̀nù 11 dọ́là. Ní 2024, PPG tún ta ẹ̀ka tó rà yẹn, àti ti Kánádà, fún American Industrial Partners, àwọn olówó Amẹ́ríkà tí mo sọ lókè, ní mílíọ̀nù 550 dọ́là péré. Mo ka iye yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Nílé, UAC ra ìdajì ó lé díẹ̀ nínú Portland Paints, àwọn tó ń ṣe Sandtex, ní 2013. Ní 2021 wọ́n da Portland pọ̀ mọ́ CAP. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ̀ Crown ni orúkọ Sandtex wà, Crown tí wọ́n fipá yà kúrò lára Dulux. Lọ́dọ̀ tiwa, abẹ́ òrùlé kan ni Dulux àti Sandtex jọ wà, wọ́n sì gba àṣẹ ìjọba lórí rẹ̀. N kò ní ó burú. Ilé-iṣẹ́ pẹ́ńtì kéékèèké pọ̀ nílẹ̀ yìí, àwọn tó ń fi gálọ́ọ̀nù lásán tà láì ní orúkọ náà pọ̀. Ṣùgbọ́n oníbàárà tó rò pé òun ń fi ọ̀kan gbẹ̀san lára èkejì, àpò kan náà ló ń san owó sí.

Ní oṣù kọkànlá 2025, AkzoNobel kéde pé òun àti Axalta ti Amẹ́ríkà fẹ́ di ọ̀kan, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n díye lé ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 25 dọ́là. Ẹ̀ka pẹ́ńtì ọkọ̀ DuPont àtijọ́ ni Axalta, àrólé Duco, tí Carlyle, ilé-iṣẹ́ olówó kan ní Amẹ́ríkà, rà ní 2013. Bí ìdàpọ̀ náà bá yọrí, ọmọ DuPont àti ẹni tó jogún ICI ni yóò tún jókòó ti ara wọn, ọ̀dọ̀ wọn sì ni CAP yóò ti máa lọ gba ìwé àṣẹ Dulux.