Póòpù Nicholas Karùn-ún

Póòpù Nicholas Karùn-ún, tí orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń jẹ́ Tommaso Parentucelli, ni olórí Ìjọ Kátólíìkì láti ọdún 1447 títí di ọdún 1455 tí ó kú. Ọmọ oníṣègùn láti Sarzana ní Ítálì ni. Nígbà tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀kọ́ ní Bologna, ó lọ sí Florence láti máa kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́lá níwèé.

Ìwé ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di olókìkí. Ó rán ènìyàn káàkiri láti wá ìwé àfọwọ́kọ, ó sì sanwó fún àwọn tó ń dà wọ́n kọ àti àwọn tó ń túmọ̀ wọn láti èdè Gíríìkì sí Látìnì. Lorenzo Valla, ọ̀mọ̀wé ará Ítálì, ló bá a túmọ̀ ìtàn tí Thucydides, òpìtàn Gíríìkì àtijọ́, kọ. Àwọn ìwé tó fi sílẹ̀, tí wọ́n lé ní 1,000, ni ìpìlẹ̀ Ilé Ìkàwé Vatican, tí Póòpù Sixtus Kẹrin fi òfin gbé dúró ní ọdún 1475.

Ní ayé òde òní, ìwé mìíràn ló mú kí orúkọ rẹ̀ tún máa jáde. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1452, ó fi ìwé àṣẹ tí à ń pè ní Dum Diversas yọ̀ǹda fún Afonso Karùn-ún, ọba Pọ́rtúgàl, láti gbógun ti àwọn Mùsùlùmí àti àwọn tí ìwé náà pè ní kèfèrí, kí ó gba ohun ìní wọn, kí ó sì sọ wọ́n di ẹrú títí ayé. Romanus Pontifex, ìwé àṣẹ rẹ̀ mìíràn ti oṣù Kìíní ọdún 1455, fi òwò etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lé àwọn Pọtogí nìkan lọ́wọ́. Kì í ṣe àwọn ìwé wọ̀nyí ló dá òwò ẹrú náà sílẹ̀, nítorí pé láti ọdún 1444 ni wọ́n ti kó ẹrú 235 gúnlẹ̀ sí Lagos, ìlú kan ní gúúsù Pọ́rtúgàl, tí kì í ṣe Èkó. Èyí tó burú jọjọ nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé wọ́n fi òǹtẹ̀ Ìjọ lù ú, tí oníṣòwò fi lè kó ènìyàn láìka ara rẹ̀ sí ẹlẹ́ṣẹ̀.

Ní ọdún 1493, Inter Caetera, ìwé àṣẹ Póòpù Alexander Kẹfà, ṣe bẹ́ẹ̀ fún Sípéènì lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láti inú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni èrò ti jáde pé ilẹ̀ tí àwọn Kristẹni láti Yúróòpù bá dé di tiwọn. Nígbà tí Póòpù Francis lọ sí Kánádà ní oṣù Keje ọdún 2022, àwọn ọmọ onílẹ̀ gbé àkọlé dúró níwájú rẹ̀ pé kí ó fagi lé èrò náà. Ní 30 oṣù Kẹta ọdún 2023, Vatican kéde pé èrò náà kò sí lára ẹ̀kọ́ Ìjọ, àti pé ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò fi iyì àti ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ hàn bó ṣe yẹ.