Ikú nínú ewì alohùn Yorùbá ní Òṣogbo

Ikú jẹ́ ọ̀kan lára kókó tó gbilẹ̀ jù nínú ewì alohùn Yorùbá: ó wà nínú ìrèmọ̀jé ọdẹ, iwì egúngún, ẹkún òkú àti ẹsẹ Ifá. Ní Òṣogbo, olú ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, a tún bá a pàdé lórí ìtàgé.

Ìrèmọ̀jé

Ìrèmọ̀jé ni ewì tí àwọn ọdẹ fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún ẹlẹgbẹ́ wọn tó bá kú. Wọ́n gbà pé Ògún ló fi í lélẹ̀. Níbi ìṣípà ọdẹ ló ti ń jáde jù, nígbà tí wọ́n bá kó ohun èlò iṣẹ́ olóògbé jọ láti gbé e lọ sínú igbó. Ìtàn ìtẹ̀dó Òṣogbo náà kò yọ ọdẹ sílẹ̀: Tìmẹ́hìn ọdẹ àti Láròóyè ni wọ́n ń dárúkọ pọ̀ gẹ́gẹ́ bí olùtẹ̀dó ìlú náà.

Òkú gan-an ni apohùn ń bá sọ̀rọ̀. Á pè é ní oríkì, á sì da ìbéèrè pèsìjẹ, ìbéèrè tí kò retí ìdáhùn, bò ó. Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ (pípe nǹkan kan ní òmíràn tààrà) tó wọ́pọ̀ jù ni “Erin wó”. Lẹ́nu ọdẹ, gbólóhùn yìí wúwo ju bó ṣe rí lẹ́nu ẹlòmíràn lọ, nítorí ẹni tó ń pa erin ni wọ́n wá ń pè ní erin. Ó jọ pé ikú ló wá di ọdẹ níbẹ̀.

Àwítúnwí náà lágbára:

Ikú ń pa babaláwo bí ẹni tí kò gbọ́fá,
Ikú ń pa oníṣègùn bí ẹni tí kò lóògùn.

Ìhun kan náà ni ìlà méjèèjì, iṣẹ́ ẹni tó kú àti ohun tó fi ń ṣe é nìkan ló yí padà. Ìfohunpènìyàn, ìyẹn sísọ ohun tí kì í ṣe ènìyàn di ènìyàn, sì sọ ikú di apani tí kò mọ ẹni ọ̀wọ̀.

Nínú ìdágbére, “ó di gbére, ó di àrìnnàkò, ó di ojú àlá”, ìrètí àtirí ara ẹni ń tán díẹ̀díẹ̀. Wọ́n tún ń kìlọ̀ fún òkú pé “má jọ̀kùn, má jekòló”. Ohun inú ilẹ̀ ni méjèèjì, nítorí náà a lè sọ pé sàréè wà níbẹ̀ láìdárúkọ rẹ̀.

Àdàpè

Àdàpè ni kí a fi ọ̀rọ̀ tó rọ̀ pe ohun tó le: ọba kì í kú, ó ń wàjà ni. Ní 1963, Dúró Ládípọ̀ (tó kú ní 1978), olùdásílẹ̀ Mbari Mbayo, ibùdó àwọn oníṣẹ́ ọnà ní Òṣogbo, gbé eré *Ọba Kò So* jáde. Ṣàngó pokùnso, àmọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ ní ọba kò so. Àyísódì (“kò”) kan ṣoṣo yìí ló sọ ikú ìtìjú di ìgbà tí ọba di òrìṣà. Ní 1964, wọ́n ṣe eré náà ní Berlin.

Àwọn ẹ̀yà mìíràn

Nínú iwì egúngún, ará ọ̀run ló ń bá alààyè sọ̀rọ̀. Nínú ẹkún òkú, ohùn obìnrin ló sábà máa ń ṣáájú, oríkì orílẹ̀ olóògbé ni wọ́n sì fi ń sunkún.