Ta Ló Bi Òǹwòran Léèrè?

Lọ́jọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1928, Irene Thirer, tó ń kọ̀wé nípa sinimá fún ìwé ìròyìn Daily News ní New York, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìràwọ̀ díwọ̀n fíìmù. Ìràwọ̀ mẹ́ta ni òkè téńté. The Port of Missing Girls ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́, ìràwọ̀ kan péré ló sì bù fún un. Bí kì í bá ṣe ti ìràwọ̀ yẹn, ta ni ì bá tún máa pe orúkọ fíìmù náà lónìí? Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín pé orí fíìmù tí kò lórúkọ ni àṣà yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Thirer ni, owó ni wọ́n ń san fún un. Ẹni tí mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ ni ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì, tó wòran tán, tí ọ̀rọ̀ sì kún ẹnu rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti wà láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá 1895, tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò Lumière gbowó lọ́wọ́ èèyàn ní Paris kí wọ́n lè wo àwòrán tó ń rìn. Ẹnu ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ sábà máa ń parí sí.

Àwọn tó kọ́kọ́ bi í léèrè ní ọjà tí wọ́n fẹ́ tà. Photoplay, ìwé ìròyìn sinimá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Chicago ní 1911, máa ń tẹ lẹ́tà àwọn òǹkàwé rẹ̀, ó sì gbé àmì ẹ̀yẹ kan kalẹ̀ fún fíìmù ọdún 1920 tó jẹ́ pé ìbò òǹkàwé ló mú un. Àwọn iléeṣẹ́ fíìmù ní ọgbọ́n tiwọn. Wọ́n á gbé iṣẹ́ tí wọn ò tíì parí lọ sí sinimá kan, wọ́n á fi í han èrò, wọ́n á wá pín káàdì fún wọn kí wọ́n kọ èrò ọkàn wọn síbẹ̀.

Ohun tí káàdì yẹn ṣe fún The Magnificent Ambersons ṣì ń dùn mí. Lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹta 1942, ní Pomona, California, wọ́n fi fíìmù yìí, tí Orson Welles darí, han àwọn tó wá wo eré olórin aláwàdà. Ìtàn ìdílé tó ń wó lulẹ̀ ni wọ́n gbé ka iwájú wọn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ kí wọ́n ti rẹ́rìn-ín. Àwọn káàdì kan yin iṣẹ́ náà gidigidi, ṣùgbọ́n àwọn tó bú u ló pọ̀ jù. Welles wà ní Brazil lásìkò yẹn. RKO, iléeṣẹ́ tó ni fíìmù náà, gé ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 40 kúrò, wọ́n ya ìparí mìíràn, a ò sì rí èyí tí wọ́n gé títí dòní. Ẹni tó wá gbafẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n fún ní pẹ́ńsù, pẹ́ńsù sì di àáké.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1938, ẹgbẹ́ Mass-Observation pín ìwé ìbéèrè fún àwọn tó ń lọ sinimá ní Bolton. Àwọn ò ta nǹkan kan, wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ ni. BBC náà ti ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ láti 1936 lábẹ́ Robert Silvey, lórí rédíò ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n gbilẹ̀, àwọn òǹwòran tí wọ́n yàn ń kọ èrò wọn ránṣẹ́. Wọ́n á ṣírò rẹ̀ di máàkì, wọ́n á sì kó díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn jọ.

Oṣù Kọkànlá 1966 ni ọ̀rọ̀ náà gbé dùn mọ́ mi jù. Lọ́jọ́ 5 ni apá àkọ́kọ́ The Power of the Daleks jáde, ìtàn kan nínú Doctor Who, eré tẹlifíṣọ̀n BBC, níbi tí Patrick Troughton ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Dókítà, olú ẹ̀dá ìtàn eré náà. Apá mẹ́fà ni. BBC pa á rẹ́ lórí téèpù, kò sì ku apá kan tó pé. A ń gbọ́ ohùn rẹ̀ torí pé àwọn kan gbà á sílẹ̀ nínú ilé wọn. Èsì àwọn òǹwòran náà kù: àwọn kan ní Troughton ń ṣe àṣejù, àwọn mìíràn ní ẹ jẹ́ ká fún un láyè. Eré ti lọ, ẹnu àwọn tó wò ó ló ṣẹ́kù.

Lọ́jọ́ 15 oṣù kan náà, ní El Paso, Texas, wọ́n fi Manos: The Hands of Fate hàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Harold P. Warren, tó ń ta ajílẹ̀, ló kọ ọ́, ló darí rẹ̀, òun náà ló tún ṣe é. Nǹkan bíi 19,000 dọ́là ló ná an. Àwọn tó wá wò ó fi ṣe ẹlẹ́yà, fíìmù náà sì wọgbó. Eléyìí ò pa rẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹnu tó ń pè é. Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀ ná.

Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò dé, Betamax ní 1975, VHS ní 1976, òǹwòran lè wo nǹkan lẹ́ẹ̀mẹwàá, kó dá a dúró, kó dá a padà. Col Needham, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tí kásẹ́ẹ̀tì sọ di akọ̀wé: ó ń kọ orúkọ àwọn tó ṣe fíìmù tó bá wò sílẹ̀. Lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹwàá 1990, ó gbé ètò kọ̀ǹpútà kan tí èèyàn lè fi wá inú irú àkójọ bẹ́ẹ̀ síta lórí Usenet, níbi tí àwọn èèyàn ti ń jíròrò lórí kọ̀ǹpútà. Èyí ló di IMDb, ìkànnì ayélujára nípa fíìmù, tí Amazon rà ní 1998. Ẹnikẹ́ni lè fún fíìmù ní máàkì láti 1 dé 10, kó sì kọ ọ̀rọ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó bi í.

Àmọ́ ìṣirò kò fẹ́ràn fíìmù kékeré. Kí ìbò díẹ̀ má bàa gbé fíìmù kan lọ sí òkè, IMDb ń fa máàkì fíìmù tí ìbò rẹ̀ kéré sún mọ́ àárín gbogbo fíìmù, kó tó fi í sí àtẹ 250 tó dára jù. Iye ìbò tó kéré jù tí wọ́n ń lò nínú ìṣirò náà ti dé 25,000. Fíìmù tí èèyàn 12 wò, tí gbogbo wọn fún ní 10, kò ní rí ẹsẹ̀ àtẹ náà. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ṣe pàtàkì ju máàkì lọ. Ẹni tó kọ èrò ẹlẹ́ẹ̀kẹẹgbàárùn-ún sí fíìmù olókìkí, omi ló dà sínú òkun. Ẹni tó kọ ẹlẹ́ẹ̀kẹta sí apá eré kan tí kò sẹ́ni tó ń rántí, kódà bó bá ṣi orúkọ òṣèré kọ, òun ni àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á kọ́kọ́ bá pàdé.

Ó kan Manos. Ní oṣù Kìíní 1993, eré tẹlifíṣọ̀n Mystery Science Theater 3000, níbi tí èèyàn kan àti rọ́bọ́ọ̀tì méjì ti ń jókòó níwájú fíìmù tí wọ́n á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, gbé e jáde. Láti ọjọ́ náà ni ẹnu ti kún orí rẹ̀, èébú ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ní 2011, Ben Solovey rí ẹ̀dà tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ lórí fíìmù náà ní àtètèkọ́ṣe. Àwọn òǹwòran dáwó fún un lórí ìkànnì Kickstarter, ó tún un ṣe, àwo rẹ̀ sì jáde ní 2015, àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ó ṣì wà lára àwọn tí máàkì wọn kéré jù ní IMDb.