Baba Buddha, ẹni tí ipò Granthi ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Nínú ilé ìjọsìn àwọn ẹlẹ́sìn Sikh, Granthi ni wọ́n ń pe ẹni tí ń ṣí Ìwé Mímọ́ wọn ní ìdájí, tí ń kà á sí etígbọ̀ọ́ ìjọ, tí ó sì ń pa á dé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú. Kì í ṣe àlùfáà, nítorí ẹ̀sìn náà kò ní àlùfáà. Iyì tí ipò yìí ní, lójú tèmi, ara ọkùnrin tí ó kọ́kọ́ dì í mú ló ti wá.

Bura ni orúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i ní 1506 ní abúlé Katthu Nangal, ní ilẹ̀ Punjab ní Íńdíà. Ìtàn àwọn Sikh sọ pé ọmọdé tí ń da ẹran ni nígbà tí ó pàdé Guru Nanak, olùkọ́ tí ó dá ẹ̀sìn Sikh sílẹ̀, tí ó sì sọ ohun tí ń bà á lẹ́rù fún un. Àwọn ọmọ ogun ti gba oko wọn kọjá, wọ́n gé ọkà tí ó gbó, wọ́n gé èyí tí kò gbó mọ́ ọn; ta ni yóò wá sọ fún ikú pé kí ó fi ọmọdé sílẹ̀? Guru ní ọmọdé ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àgbà ló ń tẹnu rẹ̀ jáde. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Buddha, èyí tí í ṣe arúgbó ní èdè Punjabi, tí kò sì bá ẹ̀sìn Búdà tan rárá.

Òun ló fi àmì oyè sí iwájú orí Guru márùn-ún tí ó jẹ olórí ẹ̀sìn náà tẹ̀ lé Nanak, láti orí Angad ní 1539 títí dé orí Hargobind ní 1606. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ adágún mímọ́ Amritsar, abẹ́ igi kan ló ń jókòó sí láti bójú tó àwọn òṣìṣẹ́, igi náà sì wà níbẹ̀ títí dòní.

Ní 1604, Guru Arjan parí àkójọ Ìwé Mímọ́ náà, tí Bhai Gurdas fi ọwọ́ kọ. Baba Buddha, tí ó ti ń sún mọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún, ló gbé e rù wọ Harmandir Sahib, ilé ìjọsìn ńlá àwọn Sikh ní Amritsar, Guru fúnra rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń ju ìrùkẹ̀rẹ̀ sórí ìwé náà gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún ọba. Wọ́n ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni Guru sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ó má bàa ga ju ìwé lọ. Baba Buddha ló ṣí i, òun ló sì ka ẹsẹ àkọ́kọ́ jáde fún ìjọ, bẹ́ẹ̀ ni ó di Granthi àkọ́kọ́.

Ní 1631 ni ó dágbére fáyé ní ìlú Ramdas, Guru Hargobind sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní Harmandir Sahib títí dòní, kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á gbé ìwé náà wọlé, Granthi á ṣí i, ẹsẹ tí ó bá wà lókè ojú ewé ọwọ́ òsì níbi tí ìwé bá ṣí sí ni yóò sì jẹ́ àṣẹ ọjọ́ náà fún gbogbo ìjọ.