Sísè Kò Pa Oró Omi Aláwọ̀ Ewé

Kò sí ẹ̀ẹ̀rùn tí mi ò ní gbọ́ ọ ní Ògbómọ̀ṣọ́: “Ẹ ṣáà sè é. Tó bá ti hó, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti kú nìyẹn.” Omi ìsédò tí ojú rẹ̀ ti dì, tó láwọ̀ ewé bí ẹni da ọ̀dà sí i, ni wọ́n ń sọ ọ́ lé lórí. Ọ̀rọ̀ náà máa ń bí mi nínú, torí òótọ́ díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn gbà á gbọ́.

Iná ń pa kòkòrò onígbáméjì, a ò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun aláwọ̀ ewé yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní cyanobacteria, kò dìgbà tó bá wà láàyè kó tó pani. Májèlé tó ń ṣe sínú ara rẹ̀ ló ń pani. Bí omi bá ń hó, ara ohun aláwọ̀ ewé náà á bẹ́, májèlé á tú sínú omi. Bí omi bá sì ń fà nínú ìkòkò, májèlé tó kù á máa ki sí i. Saxitoxin, ọ̀kan nínú àwọn májèlé náà, kò ka híhó omi sí, microcystin tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ náà kò kà á sí. Ẹ da alọ́ọ̀mù sí i, ìdọ̀tí á lọ sísàlẹ̀, omi á mọ́ lójú, májèlé tó ti yọ́ sínú rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi kò lè mú un.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ ni pé kì í ṣe inú rírun nìkan ni májèlé yìí ń fà. Bí ẹ bá fẹ́ gbé apá, iṣan á jíṣẹ́ ọpọlọ dé ìdí ẹran ara. Èròjà kan tó ń jẹ́ acetylcholine ló ń sọ fún ẹran ara pé kó fà, òmíràn á sì tètè gé e dànù kí ara lè dẹ̀. Anatoxin-a, òmíràn nínú àwọn májèlé náà, ń ṣe iṣẹ́ acetylcholine, ṣùgbọ́n kò ṣeé gé, ara á fà títí tí kò fi ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Guanitoxin, tí òun náà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ń dá èyí tó ń gé acetylcholine dúró, ohun tí òtápíàpíà ń ṣe gan-an nìyẹn. Saxitoxin ní tirẹ̀ ń dí ọ̀nà mọ́ iṣan, iṣẹ́ ọpọlọ ò ní dé ibi tó ń lọ. Èémí ni gbogbo wọn ń dá dúró níkẹyìn. Ní 2020, erin tó lé ní 300 kú ní Botswana, ìjọba ibẹ̀ sì ní irú májèlé yìí ló pa wọ́n.

Kì í ṣe gbogbo ewé ojú omi ló rí bẹ́ẹ̀ o. Ojúoró àti òṣíbàtà kò sí lára ohun tí à ń sọ yìí. Cyanobacteria pàápàá, ìgbà mìíràn wà tí kò ní ṣe májèlé, àmọ́ kò sójú tó lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ọmọ wẹ̀ níbẹ̀, ẹ má da ẹran lọ mu ún. Bí ètè àti ìka ẹni tó mu ún bá ń kú tí kò mọ̀ wọ́n lára mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ. Kò sí oògùn tó ń pa oró anatoxin-a tàbí saxitoxin, ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn mí ni wọ́n á fi dúró tì í. Bí kò bá sì sí omi mìíràn, ẹ jìnnà sí èbúté tí afẹ́fẹ́ ń gbá a jọ sí, níbi tó ti ki jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn kàn ń dín ewu náà kù ni.