Bí a ṣe ń ṣírò ìrìn-àjò òfurufú láti Àbújá dé Jẹ́dà

Láti pápákọ̀ òfurufú Nnamdi Azikiwe ní Àbújá dé ti King Abdulaziz ní Jẹ́dà tó nǹkan bíi kìlómítà 3,690. Kò sí ẹni tó fi okùn wọn ọ̀nà yìí. Ibi tí pápákọ̀ méjèèjì wà lórí ilẹ̀ ayé ni a fi ṣírò rẹ̀. Níwọ̀n bí ayé ti rí róbótó, ọ̀nà tó kúrú jù kì í ṣe ìlà tí a lè fi rúlà fà lórí máàpù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kí ó sàmì sí ojú méjì lára bọ́ọ̀lù, kí ó sì fa òwú láàárín wọn títí yóò fi le: ibi tí òwú náà bá gbà, ibẹ̀ ni ọ̀nà.

Bàálù ńlá tó ń kó àwọn tó ń lọ Hájì máa ń sá tó kìlómítà 900 ní wákàtí kan tó bá ti dé òkè. Bí a bá fi èyí pín ọ̀nà náà, wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n bàálù kì í ti ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ irú eré bẹ́ẹ̀. Yóò rọra rìn dé ibi tí yóò ti gbéra, yóò gòkè díẹ̀díẹ̀, yóò sì dẹ eré kí ó tó balẹ̀. Gbogbo èyí a máa fi bí ìdajì wákàtí kún un. Afẹ́fẹ́ náà ń bẹ níbẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ìjì líle kan máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn lókè aṣálẹ̀ Sàhárà (ọyẹ́ tí à ń rí nílẹ̀ yàtọ̀ sí i, àríwá ìlà-oòrùn ni tirẹ̀ ti ń bọ̀). Ìjì yìí a máa ti bàálù tó ń lọ lẹ́yìn, a sì máa dín eré èyí tó ń bọ̀ wálé kù.

Aago ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú, nítorí pé ti Sáúdì fi wákàtí 2 ṣáájú ti Nàìjíríà. Ẹni tó gbéra ní Àbújá ní aago 10 alẹ́, tó sì lo wákàtí 4 ààbọ̀ lókè, aago 4 ààbọ̀ ìdájí ni yóò bá ní Jẹ́dà. Tó bá ń bọ̀, tó kúrò níbẹ̀ ní aago 10 òwúrọ̀, wákàtí 5 lójú òfurufú yóò gbé e dé Àbújá ní aago 1 ọ̀sán, bí ẹni pé wákàtí 3 péré ló fi rìn.

Àwọn ìṣirò yìí kò sì wúlò bí orílẹ̀-èdè tó wà lọ́nà bá ti òfurufú rẹ̀ pa. Òkè Chad àti Sudan ni ọ̀nà tó kúrú jù gbà. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Khartoum ní oṣù April 2023, tí òfurufú Sudan sì di títì, àwọn bàálù Hájì ọdún náà ní láti yí gba ibòmíràn, wákàtí wọn sì gùn sí i. Ọ̀nà tí bàálù máa gbà gan-an ni wọ́n ń wò bu epo, pẹ̀lú èyí tí yóò gbé e dé pápákọ̀ mìíràn bí èyí tó ń lọ kò bá ṣeé bà sí, àti ti ìṣẹ́jú 30 tí wọn kì í fẹ́ fọwọ́ kàn. Epo sì wúwo: bí ó bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù tí bàálù lè gbé ń dín kù.