Ògì, Milo àti máàtì kì í ṣe oúnjẹ ayérayé fún ẹni tí wọ́n fi òrùka há ní ikùn

Láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, ní ilẹ̀ àwọn Yorùbá Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi, bí ìròyìn bá ti tàn pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹnì kan nítorí sísanra jù, tí wọ́n sì ti fi òrùka róbà há àpò ikùn rẹ̀, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń fẹnu kò sí. Wọ́n á ní oúnjẹ líle ti di èèwọ̀ fún un, pé ohun tí kò ní kí ènìyàn rún un lẹ́nu nìkan ni kí wọ́n máa gbé fún un, ìyẹn ògì, Milo, tíì oníwàrà, máàtì àti omi ọbẹ̀, kí òrùka náà má baà já, kí oúnjẹ má sì há a láyà. Ìfẹ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, mo sì mọ̀ bí ó ti ń ká ìyá lára tó láti rí ọmọ rẹ̀ níwájú oúnjẹ tí kò lè gbé mì. Síbẹ̀ ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà, òun sì ni ó wà lára ohun tó ń mú kí ẹni tó ti náwó, tó ti gba ọ̀bẹ sára, rí i lẹ́yìn ọdún kan pé òun kò fi bẹ́ẹ̀ fọn.

Òrùka yìí kì í ṣe ìdènà. Sílíkónì ni wọ́n fi ṣe é, ó ṣófo nínú bíi róbà táyà kẹ̀kẹ́, apá òkè àpò ikùn ni wọ́n sì máa ń so ó mọ́, ní ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí ọ̀nà ọ̀fun ti wọ inú ikùn. Àyè tó kù sókè òrùka kéré gan-an, nǹkan bíi mìlílítà 15 sí 30. Ọ̀pá róbà tín-ínrín kan ti ara òrùka náà jáde wá sí ibi kékeré kan tí wọ́n rì sábẹ́ awọ ikùn. Bí ó bá di ọjọ́ àyẹ̀wò, oníṣègùn á fi ìka wá ibẹ̀, á fi abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ náà gún un, á sì ti omi iyọ̀ mímọ́ sí i kí òrùka fún, tàbí kí ó fà á jáde kí òrùka dẹ̀. Wọn kì í gé nǹkan kan kúrò lára ikùn, wọn kì í sì í yí ìfun padà.

Ní 1993, ní ìlú Huy ní orílẹ̀-èdè Belgium, ni Mitiku Belachew, ọmọ Ethiopia tó di oníṣẹ́ abẹ níbẹ̀, kọ́kọ́ gba ojú ihò kéékèèké fi irú òrùka tí a lè fún tàbí dẹ̀ yìí síkùn ènìyàn láìla ikùn gbayawu. Àǹfààní ńlá ni èyí, nítorí pé ọgbẹ́ kékeré máa ń tètè jinná, ẹni náà á sì ti máa rìn kiri láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyára yìí gan-an ló ń ṣi àwọn ará ilé lọ́nà. Wọ́n rí i pé ojú ọgbẹ́ ti pa dé, wọ́n gbà pé ohun gbogbo ti parí, àti pé bí ó ti ń jẹun lọ́sẹ̀ náà ni yóò máa jẹun títí ayé.

Lóòótọ́ ni wọ́n máa ń fi aláìsàn sórí ohun mímu lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ètò ilé ìwòsàn kan lè yàtọ̀ sí ti òmíràn, ṣùgbọ́n bí ó ti sábà máa ń rí ni pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti ohun olómi, lẹ́yìn náà ohun tí a lọ̀ tàbí tí a tẹ̀ kúnná, lẹ́yìn náà oúnjẹ rírọ̀ bíi mọ́ínmọ́ín, ẹyin àti ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀, títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, tí oúnjẹ líle á bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé ara ikùn ti wú níbi tí wọ́n so òrùka mọ́, ó sì yẹ kí òrùka náà fìdí múlẹ̀ kí ohunkóhun tó máa tì í. Ní àkókò yìí, èébì líle lè yẹ̀ ẹ́ nípò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fi omi sí i, nítorí náà ẹni tí ebi ń pa ní ọ̀sẹ̀ kẹta kò gbọdọ̀ rò pé iṣẹ́ abẹ òun ti bàjẹ́. Wọn kò tíì fún òrùka náà rárá ni. Àsìkò ohun mímu jẹ́ afárá tí a ń gbà kọjá, àwọn ará ilé ló ń sọ ọ́ di ibùgbé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò ni pé oúnjẹ máa ń jókòó sókè òrùka fún wákàtí mélòó kan, tí á máa jò sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí òrùka bá wà ní ìwọ̀n tó yẹ, oúnjẹ díẹ̀ tí a rún dáadáa kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ kó tó kọjá. Bí ó ti ń gba ibẹ̀ kọjá ni ó ń tẹ ara ikùn lábẹ́ òrùka, àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ á sì jẹ́ iṣẹ́ náà pé oúnjẹ ti tó. Ibi tí agbára òrùka wà gan-an nìyẹn: kí ènìyàn jẹ díẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ sì kúrò lórí oúnjẹ fún wákàtí púpọ̀. Oúnjẹ tó ní ara ló lè tẹ ibẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun mímu kò lè tẹ̀ ẹ́, ṣe ni ó ń ṣàn kọjá bí ẹni pé kò sí òrùka níbẹ̀. Ife ògì tí a bu wàrà àti ṣúgà sí yóò wọlé pẹ̀lú gbogbo agbára tó wà nínú rẹ̀, ebi yóò sì tún dé láìpẹ́, wọn yóò tún po Milo, ní ìrọ̀lẹ́ wọn yóò ṣí máàtì. Ẹni náà kò jẹ oúnjẹ kan lójúmọ́, síbẹ̀ kò fọn, àwọn ènìyàn á sì máa sọ pé ó ń jẹun ní kọ̀rọ̀. Ó dùn mí nígbàkúgbà tí mo bá gbọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn tó ń fi kàn án ni wọ́n ń po ohun mímu náà fún un.

Iyán ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù ní ilẹ̀ Okun. Oúnjẹ tí a fi ń gba àlejò ni, kò sì sí ayẹyẹ tí a lè ṣe ní Ìsánlú tàbí ní Mọ̀pà kí odó má dún láti àárọ̀. A kì í rún iyán lẹ́nu. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ á bù ú, á fi ìka yí i, á fi bọ ọbẹ̀ ilá tàbí ẹ̀gúsí, á sì gbé e mì lódidi. Nígbà tí òkèlè bẹ́ẹ̀ bá dé òkè òrùka, kò lè fọ́, nítorí pé ó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Ẹni tó gbé e mì á dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, á fi ọwọ́ lé àyà, itọ́ tó ki á kún ẹnu rẹ̀, omijé á lé sí i lójú, á sì dìde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí òkèlè náà ti máa padà jáde bí ó ti wọlé, pẹ̀lú ìfófòó itọ́. Oúnjẹ náà kò tíì dé ìsàlẹ̀ ikùn rárá. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, àyè tó wà lókè òrùka lè fẹ̀, apá ikùn kan sì lè yọ́ gòkè gba inú òrùka, èyí tó lè béèrè iṣẹ́ abẹ mìíràn.

Àwọn tó wà níbẹ̀ á rí i, wọ́n á sì pinnu pé oúnjẹ líle ti kọ̀ ọ́. Gbígbé òkèlè mì láìrún ló fa ìyọnu náà. Iṣu kan náà, bí a bá sè é tí a sì gé e wẹ́wẹ́, tí ó rún un títí ó fi kúnná, ọ̀pọ̀ nínú wọn á jẹ ẹ́ láìsí wàhálà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé àwọn mìíràn kò ní lè padà sí iyán mọ́, bẹ́ẹ̀ náà sì ni búrẹ́dì tútù, ìrẹsì tó dì pọ̀ àti ẹran màlúù tó yi máa ń há ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà wà, ẹja wà, ẹyin wà, ẹran adìẹ tí a gé kéékèèké wà, ẹ̀fọ́ tí a rẹ́ wẹ́wẹ́ wà. Irú àwọn oúnjẹ tó ń ró ara wọ̀nyí ni kí ó kọ́kọ́ jẹ nínú abọ́ náà. Kí ohun tó bù sẹ́nu má ju èékánná ọmọ-ìka lọ, kí ó gbé ṣíbí kalẹ̀ kí ó tó tún bu òmíràn, kí ó sì dìde nídìí oúnjẹ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 sí 30, ìbáà ṣẹ́kù sínú abọ́. Omi kò gbọdọ̀ bá oúnjẹ wọlé. Lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì wákàtí ni kí ó mu ún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń bu oúnjẹ fún un, abọ́ kékeré ni kí ẹ lò, ẹ má sì bínú bí ó bá ṣẹ́ kù.

Bí ó bá wá di ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tó sì jẹ́ pé ohun mímu nìkan ló ń wọlé fún un, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà pé ara rẹ̀ ló yàn án bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí òrùka náà ti fún jù tàbí kí ó ti yẹ̀ nípò. Ikọ́ tó ń jí i lóru, omi kíkan tó ń gòkè wá sí ọ̀fun nígbà tó bá dùbúlẹ̀, àti oúnjẹ tó ń padà lójoojúmọ́ ń sọ ohun kan náà. Wọ́n lè fà díẹ̀ nínú omi òrùka náà jáde, ìtura sì lè dé lójú ẹsẹ̀. Èyí tí kò ṣeé fi falẹ̀ ni bí omi lásán kò bá dúró nínú rẹ̀ mọ́, tàbí bí inú rírun ńlá bá bá a. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ibí yìí ni ọkàn mi kì í ti í balẹ̀. Bí obìnrin kan bá ń bì ní àdúgbò wa, ibà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń pè é, tàbí oyún, àwọn mìíràn á sì sọ pé wọ́n fún un ní nǹkan jẹ. Wọ́n á so omi oníṣúgà mọ́ ọn lára ní ilé ìtọ́jú kékeré, ọ̀sẹ̀ á sì máa gorí ọ̀sẹ̀. Fítámì B1 tí ara tọ́jú kì í pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ nígbà tí oúnjẹ kò bá dúró, bí wọ́n bá sì fi omi oníṣúgà sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lára láìfún un ní fítámì náà, ọpọlọ àti iṣan lè bàjẹ́: ojú á máa rí nǹkan ní méjì-méjì, ẹsẹ̀ á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, iyè á sì rú. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó bá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ sọ, ìbáà jẹ́ ní Kàbà, ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí ní Lọ́kọ́jà, ni pé òrùka wà ní ikùn rẹ̀ àti iye ọjọ́ tó ti ń bì, kí ó sì béèrè nípa fítámì B1 kí wọ́n tó so omi náà.

Ó yẹ kí ẹni tó ní òrùka ṣọ́ra fún kẹ́mísì pẹ̀lú. Ibuprofen, diclofenac, piroxicam àti aspirin, tí a máa ń rà fún ara ríro láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, lè dá ọgbẹ́ sí ikùn, paracetamol ló sàn fún un jù. Oògùn tó bá tóbi, kí ó bi apòògùn bóyá ó ṣeé lọ̀. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ máa lo ìwọ̀n àtijọ́ lọ bí oúnjẹ rẹ̀ ti ń dín kù, nítorí pé ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Obìnrin tó fẹ́ bímọ ni wọ́n sábà máa ń gbà níyànjú pé kí ó dúró fún oṣù 12 sí 18, bí ó bá sì lóyún, wọ́n lè dẹ òrùka náà fún un.

Fífọn tó ń bá òrùka rìn kì í yára, nǹkan bí ìdajì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ni. Kì í sì í ṣe gbogbo òrùka ló ń pẹ́ nínú ara. Wọ́n ti yọ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ lónìí ló sì fẹ́ràn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ń gé apá kan ikùn kúrò jù ú lọ. Nítorí èyí, kí ẹni tó ń gbé ní Ìsánlú tó gbà kí wọ́n fi òrùka sí òun ní Èkó tàbí ní òkè òkun, ó yẹ kó ti mọ ilé ìwòsàn tí yóò máa fún òrùka náà, tí yóò sì máa dẹ̀ ẹ́, àti owó ọkọ̀ tí ìrìn náà yóò máa gbà lọ́dọọdún. Kí ó gba ìwé tó sọ orúkọ irú òrùka náà, ọjọ́ tí wọ́n fi sí i, àti iye mìlílítà omi tó wà nínú rẹ̀ báyìí, kí ó ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù, kí ó sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń gbé.